Ta ló máa ṣe alárenà láàárín àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ìlú àti àwọn tó lówó lọ́wọ́?

Àbíkẹ́ Eléèpo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa owó, ẹ̀yin lọ́yà, ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kà á kọjá.

Iṣẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣe, ní Ìbàràpá níhìn-ín. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe garí rí á mọ òkìtì èèpo tí wọ́n máa ń dà sẹ́yìn àtíbàbà. Lásìkò òjò, á máa rùn, omi ẹ̀ á sì máa ṣàn lọ sódò. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á dáná sí i, gbogbo àdúgbò á máa fa èéfín. Àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA, àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ti fi hàn pé èèpo yìí ṣeé sọ di oúnjẹ ẹran láàárín wákàtí mẹ́jọ: a ó rin ín, a ó fi jáàkì fún omi ẹ̀ dànù, a ó tún un rin kó lè tú, a ó jọ̀ ọ́, a ó wá sá a tàbí ká yan án. Bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Àwọn ìyá alágarí ló ń kó èèpo wá fún wa, ìdí òṣùwọ̀n la sì ti ń sanwó fún wọn. Owó tí wọn ò rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, torí ṣe ni wọ́n máa ń dà á nù.

Wọ́n wá pè mí sí ìpàdé kan l'Ékòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú àwa olùdásílẹ̀ mọ àwọn olùdókòòwò. Wọ́n gbé mi sórí pèpéle. Mo sọ̀rọ̀ èéfín, mo sọ̀rọ̀ àwọn ìyá, mo sọ ti àwọn olóko adìyẹ tí owó àgbàdo fẹ́ pa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Nígbà tó kan ìbéèrè, ọ̀gbẹ́ni kan ní, "Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ló máa ra ìpín wa lọ́wọ́ wa?" Mo ní kò sẹ́ni tó máa rà á, iṣẹ́ yìí ò wà fún títà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo fóònù ẹ̀. Obìnrin kan láti àjọ aṣèrànwọ́ bèèrè iye obìnrin tí ìgbé ayé wọn ti yí padà. Ẹnjiníà kan fẹ́ mọ iye epo dísẹ́lì tí ẹ̀rọ wa ń mu. Onímọ̀ tí mo mú dání dá gbogbo wọn lóhùn pẹ̀lú ìwọ̀n oró sáyánáìdì tó kù nínú èèpo. Kálukú ń sọ tiẹ̀, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yé. A pín káàdì, a jẹ ìrẹsì, a túká.

Irú ẹni wo ló yẹ kó dúró sáàárín wa? Kí ló yẹ kó mọ̀? Ta ló sì máa sanwó iṣẹ́ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ kọ ìwé àbá tó dáa. Mo ti kọ ọ́, àwòrán pàápàá wà nínú ẹ̀.

Ọmọ Yábàá

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn olùdókòòwò Èkó, áàpù ni wọ́n ń wá kiri. Ẹ sọ èèpo yẹn di áàpù, kí ẹ wá wo bí wọ́n á ṣe máa pè yín láàárọ̀ kùtù.

Àbíkẹ́ Eléèpo

Ewúrẹ́ ò ní jẹ áàpù, àbúrò.

Àdìó Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àpò ìdókòòwò ni mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni o.

Ọ̀gbẹ́ni tó bèèrè ẹni tó máa ra ìpín yẹn, kì í ṣe owó ara ẹ̀ ló ń ná. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, owó àjọ, owó àwọn ìdílé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń fún irú àpò bẹ́ẹ̀. Bíi ìdajì ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé owó síta, ìyókù ni wọ́n fi ń kó o wálé. Tí kò bá rí ibi tí owó máa gbà jáde, kò lè wọlé, ọkàn rere yòówù kó ní. Nígbà tí ẹ sọ pé iṣẹ́ yín ò wà fún títà, ìpàdé yín ti parí nìyẹn.

Iye tí ẹ ń wá náà tún jẹ́ wàhálà. Ká yẹ ilé iṣẹ́ kan wò tinútẹ̀yìn, ká san owó lọ́yà, ká fi èèyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wo èèpo, ìnáwó kan náà ni, bóyá $50,000 lẹ fẹ́ gbà tàbí mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ẹ ti tóbi ju èyí tí báńkì kéékèèké ń yá ìyá ọlọ́jà lọ, ẹ sì kéré lójú wa. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dáa ló ń kú sí àárín yẹn.

Náírà wá ńkọ́? Kí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó gbé $100,000 wá nígbà náà, mílíọ̀nù 46 náírà ló di lọ́wọ́ yín. Kó tó lè kó $100,000 ẹ̀ padà, ẹ gbọ́dọ̀ bá a wá ohun tó ju mílíọ̀nù 150 lọ, kò sì tíì jẹ kọ́bọ̀ èrè. Èèpo wo ló fẹ́ gbé ìyẹn? Ẹni tó ní náírà nílé náà ń ronú tiẹ̀. Oṣù kọkànlá 2024, èlé tí CBN fi lélẹ̀ ti di ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé ẹ̀yáwó ìjọba sì ń san èlé gidi fún ẹni tó kàn jókòó sílé.

Ọdún 2007 ni Rockefeller Foundation kó àwọn èèyàn jọ sí Bellagio ní Ítálì, ibẹ̀ ni orúkọ "impact investing" ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wàásù pé èrè àti àǹfààní ìlú lè jọ rìn. Wọ́n lè jọ rìn lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ò dọ́gba.

Ìyá Aládìyẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀ ń sọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ ń sọ Ítálì, kò tíì sẹ́ni tó bi èmi tí mo máa ra ọjà.

Mo ti ra èèpo gbígbẹ lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Mo tú àpò, òkè ẹ̀ gbẹ táútáú, ó funfun, ó dùn-ún wò. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, ó ti ń bu. Mo bu díẹ̀, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́: iyanrìn. Ilẹ̀ ni wọ́n sá a sí. Adìyẹ tó ń yé ẹyin, tó bá jẹ oró ebu, ẹyin á wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á títí ẹ máa fi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn tà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sá fún èèpo, kódà nígbà tí àgbàdo bá wọ́n.

Nítorí náà, Àbíkẹ́ ọmọ mi, tí ẹ bá ń wá alárenà, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin ni kẹ́ ẹ wá. Kó dé ọ̀dọ̀ yín, kó ki nǹkan yẹn bọ àpò kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí ìwé, kó fi orúkọ ara ẹ̀ dúró. Tí mo bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo lè buwọ́ lù ú pé iye àpò báyìí ni mo máa rà lóṣooṣù, ní iye owó tí a jọ fi sí abẹ́ ti àgbàdo. Mo mọ olóko bíi mélòó kan tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mi.

Àdìó Peckham

Ìyá, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ìwé tí ẹ lẹ máa buwọ́ lù yẹn, tó bá wà nínú àpò Àǹtí Àbíkẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, ìbéèrè tó yàtọ̀ ni wọn ì bá bi í. Ẹni tó ń yá èèyàn lówó lè gbé owó lé orí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ìyá alágarí tó ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó lè gbé owó lé e.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè, mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan kí n tó sọ tèmi. Àǹtí Àbíkẹ́, irú ìforúkọsílẹ̀ wo lẹ ṣe ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Àbíkẹ́ Eléèpo

NGO ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ fún wa lówó ẹ̀bùn ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀gbẹ́ni Èkó yẹn gbé owó wá lọ́la, tó ní òun ò bèèrè ibi tí owó òun máa gbà jáde. Kò sí ohun tí ẹ lè tà fún un! NGO tó wà lábẹ́ àwọn alámòójútó, ìyẹn Incorporated Trustees nínú CAMA 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, kò ní ìpín. Gbogbo owó tó bá wọlé, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe. Ẹ ò lè pín èrè fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní limited by guarantee, tó ní onídùúró dípò onípìn-ín, náà ò lè pín èrè. Ilé iṣẹ́ onípìn-ín nìkan ló lè ta ìpín fún olùdókòòwò. Ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ ló ń fi ìwé NGO wọ ìpàdé àwọn tó fẹ́ ra ìpín, àwọn tó ṣètò ìpàdé ò sì ní bi wọ́n.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ni kí wọ́n yà á sí ilé méjì. NGO á máa kọ́ àwọn ìyá níṣẹ́, á máa gba ẹ̀bùn. Ilé iṣẹ́ onípìn-ín á máa ra èèpo, á máa ta oúnjẹ ẹran. Ẹ ó kọ àdéhùn sáàárín àwọn méjèèjì. Àkáǹtì báńkì wọn ò gbọ́dọ̀ da pọ̀ o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ẹni tó fún yín lẹ́bùn láti fi dáni lẹ́kọ̀ọ́ ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ fi ra ẹ̀rọ tí olówó kan ti ń jẹ èrè.

Àdìó Peckham

Níbi tí mo wà níhìn-ín, láti 2005 ni wọ́n ti ní ìforúkọsílẹ̀ kan tó wà láàárín méjèèjì, Community Interest Company. Ó lè ní ìpín, àmọ́ èyí tó lè pín fún àwọn onípìn-ín ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún èrè lọ, ohun ìní ẹ̀ sì wà ní títì pa fún ìlú. Irú ẹ̀ ò sí nínú CAMA. Ká ní ó wà ni, wàhálà ilé méjì yìí ì bá dínkù.

Ọmọ Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n fi àwàdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí mo rí ní Yábàá níhìn-ín ni pé àwọn tó ríṣẹ́ ṣe nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ti yí ìbéèrè padà kí wọ́n tó pàdé olówó.

Ẹ wo LifeBank, ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Temie Giwa-Tubosun, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti ń polongo pé kí èèyàn máa fẹ̀jẹ̀ tọrẹ láti 2012, One Percent Project ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Iṣẹ́ àánú ni. Lọ́dún 2016 ló wá gbé e gba ọ̀nà míì: ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, ilé ìwòsàn níbòmíì ń wá a lójú méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa gbé e débẹ̀ kó má bàjẹ́. Ó fi alùpùpù àti àpótí tútù sí i. Bí ọ̀rọ̀ ìṣègùn ṣe di ọ̀rọ̀ ìkẹ́rù nìyẹn, ilé ìwòsàn sì ń sanwó. CcHub, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ iṣẹ́ tuntun dàgbà ní Yábàá, ló kọ́kọ́ gbà wọ́n sílé. Nígbà tí Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, wá s'Ékòó ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó dárúkọ wọn ní gbangba. Ní 2019, wọ́n gba ẹ̀bùn Jack Ma, olówó ilẹ̀ Ṣáínà, $250,000. Àwọn oníròyìn máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn láti ọ̀dọ̀ Zuckerberg, èmi rò pé láti orí alùpùpù ló ti yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Wecyclers tí Bilikiss Adebiyi dá sílẹ̀ ní 2012 náà ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ń wọ inú àdúgbò tí ọkọ̀ ìdọ̀tí ò lè wọ̀. Ìdílé tó bá kó ike àti agolo jọ á gba máàkì lórí fóònù, á fi gba nǹkan inú ilé. Ilé iṣẹ́ tó ń tún ike ṣe ló ń ra ẹrù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń rí àǹfààní lọ́tọ̀, ẹni tó ń sanwó lọ́tọ̀. Tí àwọn méjì yẹn bá ti hàn kedere, olùdókòòwò á gbọ́ ẹ dé ìdí ẹ̀.

Àǹtí, tiyín náà rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín, àwọn ìyá àti èéfín lẹ sọ jù. Ìyá Aládìyẹ ló ń sanwó, ìlà kan péré lẹ sì fi dárúkọ wọn.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Mo kí gbogbo ilé. Àgbà ni mí, mi ò kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé àná ni wọ́n bí alárenà yìí.

Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà. Bàbá mi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ kòkó. Ìwé ìṣirò kan wà tó máa ń gbé sábẹ́ ibùsùn, orúkọ àgbẹ̀ lápá òsì, ìwọ̀n kòkó láàárín, gbèsè lápá ọ̀tún. Ó mọ kòkó tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ, ó tún mọ èlé. Èèyàn kan ṣoṣo ló mọ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí owó fi ń rìn. Nígbà tó di 1953, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ní báńkì tiwọn, Co-operative Bank, n'Ìbàdàn. Nígbà tí CBN ní kí àwọn báńkì para pọ̀ ní 2005 sí 2006 ló wọ inú Skye Bank, Skye sì di Polaris Bank ní 2018. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nínú báńkì yẹn lónìí mọ bí wọ́n ṣe ń fi eyín dán kòkó wò.

Èrò tèmi ni pé kí Àbíkẹ́ kó àwọn ìyá alágarí jọ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó wà nílé, ẹ má wá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Àbíkẹ́ Eléèpo

Bàbá, ẹ ṣeun, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀ lórí ti ẹgbẹ́. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìlọ́po méjì owó tí èèyàn tọ́jú ni ẹgbẹ́ ń yá a. Ìyá tó ń dá ẹgbẹ̀rún kan ní ọjọ́ ọjà, èló ni ìlọ́po méjì tiẹ̀? Ó lè ra ọ̀bẹ àti agbọ̀n. Kò lè ra ẹ̀rọ. Tí a bá sì kó owó gbogbo wọn sórí ẹ̀rọ kan, tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, ojú wo ni mo máa fi wọ ọjà?

Mo gbà pé ẹgbẹ́ lè máa gbé owó tí a fi ń ra èèpo lójoojúmọ́. Kò lè gbé ẹ̀rọ.

Ọmọ Yábàá

Ẹ jẹ́ ká dá a jọ níbí! A pọ̀ lórí ìkànnì yìí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún, ká pín èrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú

Rárá o, ẹ má dán an wò. Láti 2021 ni SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòòwò, ti ní òfin lórí irú ìdáwójọ bẹ́ẹ̀. Ojú-òpó tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nìkan ló lè ṣe é, ẹni tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìdókòòwò ò sì gbọ́dọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún síbẹ̀. Ẹ rántí ọ̀pọ̀ tó dá owó oko lórí fóònù ní 2020, tí owó wọn há. Ohun tí òfin yẹn ń sá fún nìyẹn.

Oníṣirò Òṣogbo

Ẹ ti sọ púpọ̀, ẹ jẹ́ ká gbé bírò. Iye tí mo fẹ́ dá yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, Àǹtí Àbíkẹ́ á fi tiwọn rọ́pò ẹ̀.

Ká ní ẹ̀rọ, jáàkì àti kọnkéré ìsá-nǹkan tó ní òrùlé jẹ́ mílíọ̀nù 12 náírà. Ká ní ọjà tí ẹ ń tà lóṣù jẹ́ mílíọ̀nù 4. Ẹ má ta ìpín, ẹ má yá owó èlé báńkì. Ẹni tó gbé mílíọ̀nù 12 kalẹ̀, ẹ máa fún un ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ bá tà lóṣooṣù, títí á fi gba mílíọ̀nù 20, kó sì máa lọ. Ìyẹn jẹ́ ₦480,000 lóṣù, ó máa gba bí oṣù méjìlélógójì. Lóṣù tí òjò ò jẹ́ kí èèpo gbẹ, tí ọjà wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 2, ₦240,000 lẹ máa san. Ẹnikẹ́ni ò ní wá ti ilẹ̀kùn yín. Ọ̀gbẹ́ni tó bèèrè ẹni tó máa ra ìpín náà ti rí ibi tí owó ẹ̀ máa gbà jáde, kò sì sẹ́ni tó ta iṣẹ́ àwọn ìyá.

Wọ́n á ní ewu ẹ̀ ju ti ìwé ẹ̀yáwó ìjọba lọ. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí owó ẹ̀bùn ti wúlò. Dípò kí àjọ aṣèrànwọ́ máa ra fìlà àti káńbáàsì fún yín, kó fi ẹ̀bùn ẹ̀ dúró fún adánù àkọ́kọ́: tí nǹkan bá dàrú, òun ló máa kọ́kọ́ pàdánù, ọkàn ẹni tó yáni lówó á sì balẹ̀ láti gba èrè tó mọ níwọ̀n. Àpò mẹ́ta nìyẹn: ẹgbẹ́ fún ríra èèpo, olówó fún ẹ̀rọ, ẹ̀bùn fún ewu. Gbogbo ìpàdé tí mo ti bá wọn lọ, ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá tó máa gbé gbogbo ẹ̀.

Ọmọ Yábàá

Alárenà tó bá to gbogbo èyí pọ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló tọ́ sí i. Báyẹn ni wọ́n ń ṣe é l'Ékòó.

Oníṣirò Òṣogbo

Ẹni tó ń gba ìdá márùn-ún nínú owó tó wọlé, á fẹ́ kí owó tó máa wọlé pọ̀. Tí mílíọ̀nù 12 bá tó yín, á ní kí ẹ gba 30. Òun á gba tiẹ̀ á máa lọ, gbèsè á ṣẹ́kù sí yín lọ́rùn. Mo ti rí i lójú mi. Ilé ìrẹsì kan ni, àwọn ẹ̀rọ tuntun wà nínú ẹ̀ tí wọn ò tíì yọ ọ̀rá lára wọn.

Àdìó Peckham

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ò ní pẹ́ rí iṣẹ́ míì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójú tèmi ni kí àjọ kan san owó oṣù fún un ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìyókù tiẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí owó bá ti ń padà sọ́wọ́ ẹni tó yáni. Tí àsanpadà bá dúró, tiẹ̀ náà á dúró.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Wọ́n máa ń sọ pé bójú bá ti mojú tán, alárenà á yẹ̀ba. Èyí tí ẹ̀ ń tò yìí ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ba o. Lẹ́yìn tí owó bá dé gan-an niṣẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀: òṣùwọ̀n, ọ̀rinrin, ìwé gbèsè. Ohun tí àwọn onípàdé Èkó ò tíì mọ̀ nìyẹn. Àjọṣe ò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó àga.

Àbíkẹ́ Eléèpo

Bàbá, ẹ ti sọ ohun tó ń dùn mí nípa ìpàdé yẹn jù mí lọ.

Lọ́yà wa, ilé iṣẹ́ onípìn-ín yẹn, ṣé NGO wa lè wà lára àwọn tó máa ní ìpín nínú ẹ̀? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ kan wọ́n á dìbò lé èèpo kúrò lọ́wọ́ àwọn ìyá.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú

Ó lè wà níbẹ̀, tí ìwé òfin NGO yín bá gbà á láyè. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má gbé e síbí. Kí ẹ sì jẹ́ kí àdéhùn pẹ̀lú Ìyá Aládìyẹ ṣáájú, ká tó kọ lẹ́tà sí olówó kankan. Orúkọ ilé iṣẹ́ tuntun ni kó wà lórí àdéhùn náà, kì í ṣe orúkọ yín, kì í ṣe ti NGO.

Ìyá Aládìyẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Èmi ò tíì buwọ́ lu nǹkan kan o! Ẹ kọ́kọ́ gbé àpò méjì wá ká fi dán an wò, lára adìyẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe gbogbo ilé. Ẹ bá mi mú ìwé àyẹ̀wò ebu àti ti sáyánáìdì dání láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ yín yẹn.

Àbíkẹ́ Eléèpo

Mo dúpẹ́ púpọ̀, mà. Kíkúnná ni ká gbé wá àbí èyí tó rí wóóró?

Ìyá Aládìyẹ Ògbómọ̀ṣọ́

Kíkúnná. Wóóró yẹn ní háhá jù fún adìyẹ, ẹ bá a wá ọjà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti màlúù. Orí kọnkéré tàbí tapólì ni kẹ́ ẹ sì sá a sí o.